Ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ nítorí sísanra jù

Ìyá Ìbejì, Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Ní oṣù tí ó ń bọ̀ ni wọn yóò gé lára àpò oúnjẹ mi nítorí ìsanra àti àtọ̀gbẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù pé ojú ibi tí wọ́n rán lè jò kò jẹ́ kí n sùn. Kí ni kí n ṣe?

Nọ́ọ̀sì Ọ̀yọ́: Ẹ kú ìfaradà, mà. Òótọ́ ni pé ó lè jò, ẹ̀jẹ̀ sì lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀. Nítorí ẹ̀jẹ̀ dídì yìí ni wọ́n fi máa ń tètè mú aláìsàn dìde rìn. Ẹ béèrè iye irú iṣẹ́ yìí tí dókítà yín ti ṣe, àti ibi tí ẹ ó sáré lọ bí ibà tàbí inú rírun líle bá bẹ̀rẹ̀ lóru. Dókítà tí ó bá bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ẹ wá òmíràn.

Ọmọ Tákíé: Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣe é ní Ìbàdàn. Ẹni tí ó ti ṣe é rí ni ó bá sọ̀rọ̀ tí ọkàn rẹ̀ fi balẹ̀. Ẹ má gbàgbé pé títí ayé ni ẹ ó máa lo oògùn fítámì.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun púpọ̀. Èmi yóò kọ àwọn ìbéèrè náà sílẹ̀ kí ọkọ mi lè bá mi bi dókítà.