Físà Schengen mi (físà ìwọlé sí Jámánì àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù) ti jáde o

Ẹ ṣeun fún ìdáhùn yín. Mo béèrè bóyá ìwé ìrìnnà tó máa parí lóṣù méjì lẹ́yìn tí mo bá kúrò ní Jámánì ṣì lè gba físà. Rárá o: ó kéré tán, oṣù 3 ló gbọ́dọ̀ kù lẹ́yìn ọjọ́ tí èèyàn bá kúrò níbẹ̀, kí ojú ewé 2 sì ṣófo nínú rẹ̀. Mo bá gba tuntun, mo ra ìbánigbófò ìrìnàjò tó lè san tó 30,000 yúrò fún ìtọ́jú mi, wọ́n sì fún mi ní físà náà.

Físà nìkan kò tó, ẹ̀yin èèyàn mi! Nígbà tí mo débodè, aṣọ́bodè ṣì béèrè ẹ̀rí ibi tí mo máa dé sí àti tíkẹ́ẹ̀tì tí mo máa fi padà, fóònù mi sì ti kú. Bébà tí mo tẹ̀ wọ́n sí, tí mo ká sínú àpò, ló yọ mí. Ọ̀rọ̀ mi ti yanjú.