Àbọ̀ lórí tíkẹ́ẹ̀tì Maryland: a ò jọ̀wọ́ ìjókòó wa

Ẹ̀yin ará, mo wá jábọ̀. Mo bi yín nígbà yẹn bóyá kí n ṣì máa san owó tíkẹ́ẹ̀tì gbogbo sáà fún bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní Yunifásítì Maryland, àbí kí n fi ìjókòó wa sílẹ̀.

Ìmọ̀ràn tó yanjú ọ̀rọ̀ náà ni pé ká wá ìdílé tí a ó jọ pín in. Ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa gbà. A dá owó náà dọ́gba, a sì yan eré ní mímú kọ̀ọ̀kan: èmi mú ọ̀kan, wọ́n mú ọ̀kan. Ẹ yan ọjọ́ kí ẹ tó sanwó o! Láti 2024 tí Big Ten, líìgì tí Maryland wà, ti di ẹgbẹ́ 18, tí ẹgbẹ́ yunifásítì bí Oregon àti USC ti wọlé, gbogbo èèyàn ló ń du eré tí a bá bá irú wọn gbá.

Títa tíkẹ́ẹ̀tì eré tí a ò ráyè lọ wò ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀. Eré ńlá tà kíákíá, àmọ́ eré ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án kò mú iye tí a rà á wọlé. A fún ọmọ aládùúgbò wa ní ìyẹn, inú rẹ̀ sì dùn gan-an.

Ní ti yíyọ owó ìtọrẹ tí a ń fún yunifásítì ká lè rí ìjókòó rà kúrò nínú owó tí a ń san owó orí lé, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti fòpin sí i láti 2018.

Ibi ìgbọ́kọ̀sí ló kù: ẹyọ kan péré ni a ní, a ò sì tíì mọ bí a ó ṣe pín in. Ẹ ṣeun gan-an.