Ìkọ́wò ni kí a pè é

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú akitiyan lórí èdè wa.

Ẹ̀gbọ́n wa kan ń túmọ̀ ìwé pélébé kan tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá. Ó dá lórí bí wọ́n ṣe ń fi òwò kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí òye wọn kì í tètè gbé nǹkan: wọ́n á fún wọn lówó díẹ̀, wọ́n á jọ pinnu ohun tí wọ́n fẹ́ tà, wọ́n á ṣe é, wọ́n á tà á, wọ́n á wá jọ ka èrè. Àkọlé tí ẹ̀gbọ́n fi síbẹ̀ ni "Ẹ̀kọ́ Ìdásẹ́sílẹ̀ fún Àwọn Ọ̀dọ́ Aláìlèkẹ́kọ̀ọ́". Wọ́n ní kí a bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, n kò sì lè dákẹ́.

Ẹ pè é síta, kí ẹ gbọ́ ọ létí ara yín: ẹ̀kọ́ fún aláìlèkẹ́kọ̀ọ́. Bí wọn kò bá lè kẹ́kọ̀ọ́, kí ni a ń kọ́ wọn? "Aláìlè" kò fi àyè kankan sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n kò gbèrò ibi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí "olódo" tí wọ́n fi ń bú ọmọ ní kíláàsì.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára nítorí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀wà ní Bódìjà. Ọmọ náà ti lé ní ọdún 19, kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ nídìí kóńgò: á bu ẹ̀wà títí tí orí rẹ̀ á fi yọ ṣóńṣó, á dà á sínú ọ̀rá láìjẹ́ kí hóró kan bọ́ sílẹ̀, á sì fi ẹ̀kúnwọ́ kan ṣe ènì. Bó bá ti wọn kóńgò kan, á ju hóró ẹ̀pà kan sínú agolo mílíìkì, kó má baà ṣì í kà.

Àwọ̀ ló fi ń mọ owó. Búlúù ni ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, bíráùn ni ẹgbẹ̀rún kan. Ó tó ọdún méjì kí èyí tó fìdí múlẹ̀ lórí rẹ̀. Àfi bí báńkì àpapọ̀ ṣe gbé owó tuntun jáde ní oṣù Kejìlá 2022: ẹgbẹ̀rún kan di búlúù, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta di àwọ̀ ewé, igba náírà di pupa. Ti àtijọ́ kò sì kúrò nílẹ̀, wọ́n jọ ń ná wọn pọ̀ ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ló fi ẹgbẹ̀rún kan tuntun ṣe ṣẹ́ńjì ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, kò sì sẹ́ni tó dá a padà. Obìnrin tí ìsọ̀ wọn kángun síra ní, "Ìyá Ẹlẹ́wà, mo ti sọ fún yín pé ọmọ yìí ò lè kọ́ nǹkan kan." Bẹ́ẹ̀ ohun tó kọ́ tó sì mọ̀ dájú gan-an ló kó bá a. Owó ló yí padà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ìyá rẹ̀ da owó sórí ẹní níwájú rẹ̀, tuntun àti àtijọ́, kò sọ nǹkan kan. Ọmọ náà ń tò ó, ó ń tú u, ó tún ń tò ó. Ó wá fi ìka kan ọ̀kan: "Mọ̀mí, eléyìí lórí méjì." Bẹ́ẹ̀ ni o. Mai-Bornu àti Isong, tí wọ́n ti ṣe gómìnà báńkì àpapọ̀ rí, ni wọ́n jọ wà lára ẹgbẹ̀rún kan. Azikiwe nìkan ló wà lára ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Àwọ̀ yí padà, orí kò yí padà. Láti ìgbà náà, "olórí méjì" ni orúkọ ẹgbẹ̀rún kan nísọ̀ wọn, àwọn oníbàárà náà sì ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tuntun tí àwa ń wá kiri, ọmọ yìí ti dá ọ̀kan sílẹ̀, ọjà sì ti gbà á.

Kí ni ká wá pe irú rẹ̀? "Aláàbọ̀ ara" kò bá a mu, ara rẹ̀ pé. "Ìpèníjà ẹ̀kọ́" ní ọ̀wọ̀ nínú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti gbó: iná lọ, ìpèníjà ni; ọ̀nà bàjẹ́, ìpèníjà ni.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí atúmọ̀ ṣọ́ra fún. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ̀gbọ́n ń túmọ̀ sí "aláìlèkẹ́kọ̀ọ́" yìí, "learning disability", èyí tí Samuel Kirk, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ará Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ níwájú àwọn òbí ní Chicago lọ́dún 1963, ń tọ́ka sí ọmọ tí làákàyè rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n tí ìwé kíkà, ìwé kíkọ tàbí ìṣirò ń ni lára. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan náà ń tọ́ka sí ẹni tí òye rẹ̀ lápapọ̀ ń falẹ̀ láti kékeré. Fún ti Amẹ́ríkà, mo fara mọ́ "ìnira ìkẹ́kọ̀ọ́". Bó bá jẹ́ ìwé kíkà nìkan, "ìnira ìkàwé". Rudolf Berlin, dókítà ojú tó dá orúkọ ti ìwé kíkà, "dyslexia", sílẹ̀ ní Jámánì ní 1887 náà, "ìnira" àti "ọ̀rọ̀" ló so pọ̀ ní èdè Gíríìkì.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé tiwa ti wá. Fún un, ohun tí ẹnu àwọn ìyá ń sọ ni kí a mú: "ọ̀dọ́ tí ẹ̀kọ́ kì í tètè yé". Ìyá ọmọ yìí kì í sọ pé "kò yé e". "Kì í tètè yé e" ló máa ń sọ, "tètè" yẹn ló sì gbé gbogbo ọ̀rọ̀ dúró: ó ń bọ̀ wá yé e. Ẹnìkan ti ní ó gùn jù, pé gbólóhùn ni. Ṣé kì í ṣe gbólóhùn ni Olúwáfẹ́mi? Ìlú tí a wà yìí ńkọ́, ṣebí ẹ̀bá ọ̀dàn ni, kí ẹnu tó sọ ọ́ di Ìbàdàn? Ẹ jẹ́ kí ẹnu ṣe iṣẹ́ tirẹ̀.

"Ìdásẹ́sílẹ̀" náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ọjọ́ kan ni a ń dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn níbẹ̀ ni ọjà nínà, ojú owó, èrè, ṣẹ́ńjì, sùúrù pẹ̀lú oníbàárà. A ní "kọ́ṣẹ́", a ní "ìkọ́ṣẹ́". Kí ló dé tí a kò fi ní "kọ́wò" àti "ìkọ́wò"? Àbúrò kan ní èèyàn lè gbọ́ ọ bíi "kọ́ wò", pé kéèyàn kọ́ ọ kó wò ó. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ gan-an nìyẹn. Gbígbìyànjú wò ni gbogbo rẹ̀: tà á wò, kà á wò, bó bá ṣì, tún un kà.

Àbá mi rèé: "Ìkọ́wò fún Àwọn Ọ̀dọ́ Tí Ẹ̀kọ́ Kì Í Tètè Yé". Kí ìwé náà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé, ẹ̀yin tí ẹ ní ìsọ̀ ní Gbági, Dùgbẹ̀ àti Alẹ́ṣinlóyè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ léèrè orúkọ tí wọ́n ń pe owó àti òṣùwọ̀n, kí ẹ fi ránṣẹ́. Wọn á wúlò ní ojú ìwé tó sọ nípa ṣẹ́ńjì.