Yàrá gbígba ohùn ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo): kí la fi lè pa ariwo ògiri láìra ohun olówó ńlá?

AkọrinÀjàṣẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Yàrá kan wà nílé wa tí mo fẹ́ máa gba orin àti gángan sílẹ̀ nínú rẹ̀. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 4, ìbú 3, gíga 2.8. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì ni ògiri, táìsì wà nílẹ̀, àjà pákó fẹ́lẹ́ ló wà lókè, páànù sì wà lórí rẹ̀. Bí a bá pàtẹ́wọ́ níbẹ̀, ìró náà á máa ta kiri bí ìgbà tí wọ́n ń lu irin. Wọ́n ní kí n lẹ páálí ẹyin mọ́ gbogbo ògiri. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Bí kò bá ṣiṣẹ́, kí ni kí n kàn? Mi ò rí laine de roche, nǹkan bí òwú tí wọ́n fi òkúta ṣe, rà lọ́jà Ouando.

Gbẹ́nàgbẹ́nàKétu
Àbúrò, fi páálí ẹyin sílẹ̀. Ó fẹ́lẹ́ jù. Díẹ̀ ló ń bù kúrò nínú ìró tó tín-ín-rín, bíi "s" àti "ṣ". Ohùn àyà ọkùnrin àti ìdí ìlù á wà bí wọ́n ṣe wà. Gbogbo ohun tó o bá gbà níbẹ̀ á wá dún bí ẹni pé wọ́n da aṣọ bò ó. Iná sì tètè ń ràn mọ́ páálí, bẹ́ẹ̀ wáyà pọ̀ nínú sítúdíò.

Ohun tí ń pa ìró ni nǹkan onírun tó nípọn, tí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè gbà á kọjá wéré. Sẹ̀ǹtímítà 10 ni kí o lò. 5 kò tó. Kí o tún gbé e kúrò lára ògiri ní sẹ̀ǹtímítà 10 mìíràn, nítorí pé afẹ́fẹ́ tó kan ògiri gan-an kò ráyè mì. Ibi tó ti ń mì ni o fẹ́ kí nǹkan onírun náà wà. Àlàfo yìí kò ná ọ ní nǹkan kan, ó sì ń ṣe iṣẹ́ ńlá.

Férémù tí o máa kì í sí nìyí: pákó tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, tí ó nípọn tó 2. Gé méjì ní 124, méjì ní 60, kí o kan àwọn kúkúrú sáàárín àwọn gígùn. Inú rẹ̀ á jẹ́ 120 sí 60 gẹ́lẹ́. Pákó onímítà 4 kan tó férémù kan. Síkúrù ni kí o lò, torí igi máa ń fà nígbà ọyẹ́, ìṣó á sì tú. Àwọ̀n ẹ̀fọn ni kí o nà sẹ́yìn. Má fi pákó dí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àlàfo ẹ̀yìn ti di asán. Ní ti aṣọ iwájú, gbé e sẹ́nu kí o fẹ́ èémí sí i: bí èémí bá kọjá, ó dára. Àpò ìdọ̀họ tí a fọ̀ dára. Tapolíìnì àti aṣọ onírọ́bà ń dá ìró padà ni.

Ọlọ́wúSábẹ̀ẹ́
Ẹ káre, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ohun tí a ó kì sínú rẹ̀ kún un. Owú gbígbọ̀n tàbí àkísà aṣọ òwú tí a ya wẹ́wẹ́ lè ṣe é. Inú férémù yẹn gba lítà 72. Kílò 3 owú ló tọ́ sí i. Bí ó bá fúyẹ́ jù, ìró á gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ títí ó fi le, ìró á bẹ̀rẹ̀ sí í ta padà lójú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ ni pé owú máa ń wọlẹ̀. Bó bá pẹ́ díẹ̀, òkè férémù á ṣófo, ìsàlẹ̀ á sì yọ ikùn. Ẹ fi igi pẹlẹbẹ àti okùn pín inú rẹ̀ sí mẹ́rin, ọgbọọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ sì wọn gíráàmù 750 sínú ìpín kọ̀ọ̀kan. Ẹ sá owú náà gbẹ dáadáa kí ẹ tó kì í. Bọ́rásì tí a pò mọ́ omi, tí a wọ́n sí i, tí a tún sá, kì í jẹ́ kí iná tètè ràn, kòkòrò kì í sì fẹ́ ẹ. Ẹ má jẹ́ kí férémù fara kan ilẹ̀ o, ikán!

Fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n kò wúlò rárá.

AkọrinÀjàṣẹ́
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mélòó ni kí n kàn, ibo ni kí n gbé wọn sí? Béèsì, ìyẹn ìró ìsàlẹ̀ tó wúwo, ń wú lẹ́bàá ògiri, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí láàárín yàrá. Òjò orí páànù ńkọ́?

Elétíọpọ́n
Ìró ń rìn nǹkan bíi mítà 344 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi ìlọ́po méjì gígùn yàrá pín in: 344 sí ọ̀nà 8 jẹ́ 43 Hz, ìyẹn ni pé ó ń mì nígbà 43 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti ìbú jẹ́ 57, ti gíga 61. Àwọn ìró wọ̀nyí ló ń wú lára ògiri tí wọ́n sì ń pòórá láàárín. Nítorí náà, ẹ má jókòó sáàárín. Ẹ dojú kọ ògiri onímítà 3, kí orí yín jìnnà sí i tó mítà kan ààbọ̀.

Mẹ́sàn-án ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kílò 27 owú nìyẹn. Mẹ́rin á dábùú igun méjèèjì iwájú, méjì lórí ara wọn. Méjì á wà ní ẹ̀gbẹ́: ẹ jókòó, kí ẹnìkan máa gbé dígí lọ lára ògiri ní ìwọ̀n etí yín, ibi tí ẹ bá ti rí sípíkà nínú dígí ni kí ẹ fi férémù kọ́. Ọ̀kan á wà lókè orí yín, kí ẹ so ó mọ́ igi àjà, kì í ṣe mọ́ pákó fẹ́lẹ́ yẹn. Méjì yòókù á wà lẹ́yìn akọrin, torí míkírò tó kọjú sí akọrin, ògiri ẹ̀yìn akọrin ló ń gbọ́.

Àwọn férémù yìí kò ní pa 43 Hz. Láti nǹkan bí 100 lọ sókè ni agbára wọn. Bí ẹ bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ sí i, ẹ ki gbogbo igun náà láti ilẹ̀ dé àjà, ṣùgbọ́n owú tó fúyẹ́ ni kó jẹ́, torí bó bá ti nípọn tó bẹ́ẹ̀, èyí tó le kò ní jẹ́ kí ìró wọlé. Room EQ Wizard, ètò kọ̀ǹpútà tí ń wọn ìró yàrá, ọ̀fẹ́ ni, á fi ìyàtọ̀ hàn yín ṣáájú àti lẹ́yìn.

Ní ti òjò, ọ̀ràn mìíràn nìyẹn. Owú ń pa ìró inú yàrá. Ohun tó wúwo ló ń dá ti ìta dúró. Àjà pákó onípele méjì tí kò kan páànù, tí a ki owú sáàárín wọn, á dín in kù, kò ní tán an. Ẹ kọ́kọ́ fi rọ́bà dí etí ilẹ̀kùn, torí àlàfo tín-ín-rín ń gba ariwo ọ̀kadà wọlé ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bí fèrèsé náà bá jẹ́ onígíláàsì pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, gángan á máa gbọ̀n ọ́n, á sì wọ inú ohun tí ẹ ń gbà: ẹ ki rọ́bà sáàárín gíláàsì àti irin rẹ̀.