Dráífà Wi-Fi (ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè lo káàdì Wi-Fi) wo ni kí n mú nínú mẹ́ta yìí?
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Lánàá ni mo pa gbogbo ohun tó wà nínú láptọ́ọ̀pù mi rẹ́, tí mo sì fi Windows 10 tuntun sí i. Látìgbà náà, kò rí Wi-Fi kankan. Nínú Device Manager (ibi tí Windows ti ń to àwọn ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà lẹ́sẹẹsẹ), "Network Controller" ni mo ń rí, pẹ̀lú àmì ìyanu kékeré aláwọ̀ ìyeyè lára rẹ̀. Mo fi okùn USB so fóònù mọ́ ọn kó lè rí dátà lò, mo ṣe Windows Update lẹ́ẹ̀mejì, pàbó ló já sí. Hardware Ids rẹ̀ (nọ́ńbà tí a fi ń dá ẹ̀yà náà mọ̀) nìyí: PCI\VEN_14E4&DEV_4365. Dráífà Wi-Fi mẹ́ta ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe é gbé kalẹ̀ fún irú láptọ́ọ̀pù yìí. Ṣé nọ́ńbà yẹn nìkan tó láti fi mọ èyí tó jẹ́ tèmi, àbí dandan ni kí SUBSYS (apá Hardware Ids tó ń tọ́ka sí ẹni tó ṣe káàdì gan-an àti irú rẹ̀) náà bára mu?