Ṣé ká “dán lasẹ́ẹ̀ wò” ni, àbí ká “wọ̀n ọ́n”?

Láti Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́. Gbólóhùn tí wọ́n ní ká bá wọn tún ṣe nìyí, láti inú ìwé ìlò tó wà fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi lasẹ́ẹ̀ (lésà) àfọwọ́mú fín igi àti awọ: “Kí o tó lo tọ́ọ̀ṣì lasẹ́ẹ̀ rẹ, dán an wò lára ògiri. Wọ jígí òòrùn kí ìmọ́lẹ̀ má ba ojú rẹ jẹ́.” Yorùbá rẹ̀ dùn, n kò rí àṣìkọ kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mẹ́ta inú rẹ̀ lè fọ́ èèyàn lójú: tọ́ọ̀ṣì, dán wò, àti jígí òòrùn.

Ẹ jẹ́ ká ti orí tọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì a máa fẹ̀ bó ṣe ń lọ. Kó tó kan ògiri òdìkejì, ó ti fọ́n ká. Lasẹ́ẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ mú èyí tó ń fi mílímítà 1 fẹ̀ lórí mítà kọ̀ọ̀kan: tó bá rin mítà 10, sẹ̀ǹtímítà 1 péré ló fi fẹ̀ sí i. Agbára rẹ̀ ṣì wà lójú kan. Tó bá wá gba ọmọlójú wọlé, ojú fúnra rẹ̀ a tún kó o jọ sórí awọ tó tẹ́ sẹ́yìn inú ẹyinjú, níbi tí yóò ti le tó ìlọ́po 100,000 bó ṣe wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí irú lasẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ mílíwáàtì 5 fi lè pa ojú lára láti nǹkan bí mítà 16, tí ti wáàtì 1 sì lè ṣe é láti nǹkan bí mítà 220. Tọ́ọ̀ṣì wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹni tó bá gbọ́ “tọ́ọ̀ṣì” yóò fi fún ọmọdé ṣeré.

Àwọn kan ti dábàá “ìmọ́lẹ̀ abẹ́rẹ́”. Ó wu etí, ó sì fi hàn bí ìtànṣán náà ṣe tín-ín-rín tó. Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀ ọ́ ni pé abẹ́rẹ́ a máa ta ni lára. Awọ ẹ̀yìn ẹyinjú kì í mọ ìrora. Ó lè jó kí ẹni tó ni ín má gbọ́ ohunkóhun. Bí a bá sọ ọ́ ní abẹ́rẹ́, a ti ṣèlérí ìkìlọ̀ tí kò ní í wá, ẹni tó ń dúró kó ta òun kó tó ṣíjú kúrò yóò pẹ́ jù. Ẹ jẹ́ ká fi orúkọ náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Inú ìkékúrú Gẹ̀ẹ́sì ló ti jáde, Faransé gbà á, àwa gbà á lọ́wọ́ Faransé ní lasẹ́ẹ̀, àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń pè é ní lésà. Láti ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún ọdún 1960 tí Theodore Maiman ti tan àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ èdè ló gbé orúkọ náà láìpààrọ̀ rẹ̀. Kò sí àbùkù níbẹ̀ fún Yorùbá.

“Dán wò” gan-an ni mo fẹ́ bá jà. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: wò wà nínú rẹ̀. Tọ́ ọbẹ̀ wò, wọ bàtà wò, gbé ẹrù wò. Wíwò inú gbogbo ìyẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ti lasẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Bí ẹ bá ní kí ọmọ ọdún 16 dán an wò, yóò tan án, yóò sì tẹjú mọ́ ibi tó kàn lára ògiri. Lasẹ́ẹ̀ tó bá ju mílíwáàtì 500 lọ ti bọ́ sí ìpele 4, ìpele tó ga jù nínú bí wọ́n ṣe pín ewu lasẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ta padà lára ògiri lásán lè ṣe ojú ní jàǹbá. Ìpele 2, tí kò kọjá mílíwáàtì 1, ni wọ́n gbà pé ìṣẹ́jú, ìyẹn kí ojú ṣẹ́, lè gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ka ìṣẹ́jú yẹn sí ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá. (Àwọn baba wa ti fi ìṣẹ́jú ka àkókò kí ẹnikẹ́ni tó ṣe òfin lasẹ́ẹ̀.) Ìpele 3R dé mílíwáàtì 5, ìpele 3B dé 500. Láti ìpele 3B lọ, kí ojú tó ṣẹ́, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀.

Nítorí náà, “wọ̀n” ni mo dábàá. Ẹ̀rọ ni yóò wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ojú. Ẹ̀rọ ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ ní àwo dúdú kékeré kan tó ń gba ìmọ́lẹ̀, tó ń sọ ọ́ di ooru, tó sì ń kọ iye wáàtì jáde. Kí wọ́n tó tan lasẹ́ẹ̀, kí wọ́n ti fèrèsé, kí wọ́n fi aṣọ bo dígí, kí wọ́n bọ́ aago àti òrùka. Òrùka kan ṣoṣo lè gbé ìtànṣán náà sọ sójú ẹni tó ń wọlé bọ̀, nítorí náà kí wọ́n ti ilẹ̀kùn pẹ̀lú. Kí wọ́n de lasẹ́ẹ̀ mọ́ orí tábìlì, kí ìtànṣán rẹ̀ má ṣe déédéé ojú ẹni tó dúró tàbí ẹni tó jókòó. Bíríkì amọ̀ tí kò dán ni kó wà lẹ́yìn àwo, má ṣe lo pákó tàbí páálí tó lè gbiná. Iná yàrá gbọ́dọ̀ wà ní títàn. Ọ̀pọ̀ ló ń pa á kí ìtànṣán lè hàn dáadáa, wọn kò mọ̀ pé nínú òkùnkùn, ọmọlójú lè fẹ̀ láti mílímítà 2 dé 7, ìyẹn ni pé ààyè tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ti di ìlọ́po 12.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n dá ẹ̀rọ padà sí òdo. Kí ojú ìtànṣán fẹ̀ tó bí ìdajì àwo dúdú. Bó bá kóra jọ sójú kan, yóò jó ọ̀dà orí àwo náà, gbogbo òǹkà tó bá jáde lẹ́yìn ìyẹn di irọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ yí lẹ́ńsì, kí wọ́n kọ́kọ́ pa lasẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá ti tàn án, kí wọ́n dúró títí òǹkà yóò fi fara balẹ̀, kí ọwọ́ má kan àwo, kí fáànù má fẹ́ sí i, torí ooru ọwọ́ àti atẹ́gùn ń yí òǹkà padà. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n pa á, kó tutù, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n, ìgbà mẹ́ta. Pílì (bátìrì) lítíọ́ọ̀mù tó kún, ìyẹn èyí tó wà ní fóltì 4.2, ni kí wọ́n fi ṣe é, nítorí bí pílì bá ti ń lọ sílẹ̀, agbára lè máa bá a lọ sílẹ̀.

Jíjó bébà kì í ṣe ìwọ̀n. Bébà dúdú yóò rú èéfín níbi tí funfun kò ní mira, bẹ́ẹ̀ lasẹ́ẹ̀ kan náà ni. Ohun tí wọ́n kọ sára lasẹ́ẹ̀ náà kò tó. Ẹ wo èyí tó ń tan àwọ̀ ewé, tí gígùn ìgbì rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ irú ìmọ́lẹ̀ tó jẹ́, wà ní nánómítà 532: inú ọ̀pọ̀ wọn, ìmọ́lẹ̀ 808 ló ń bí 1064, 1064 ni wọ́n ń pín sí méjì di 532. Ojú kì í rí 808 àti 1064. Bí ẹni tó ṣe é kò bá fi asẹ́ sí i, àwọn méjèèjì yóò máa tẹ̀ lé àwọ̀ ewé jáde, lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ mílíwáàtì 5 sí i lára.

Ó ku jígí òòrùn. Èyí tó ṣókùnkùn dáadáa ń jẹ́ kí ìdá 8 sí 18 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ kọjá. Nínú wáàtì 1, ìdá 8 yẹn jẹ́ mílíwáàtì 80, ìlọ́po 80 ohun tí ìṣẹ́jú lè gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Òkùnkùn rẹ̀ tún ń mú ọmọlójú fẹ̀. N kò fẹ́ “jígí”, n kò sì fẹ́ “awò”, nítorí wò tún fara pamọ́ síbẹ̀: awò ni ohun tí a fi ń wo nǹkan, ẹni tó bá wọ̀ ọ́ yóò rò pé òun ti gba àṣẹ láti wo ojú ìtànṣán. Kò sí èyí tí wọ́n ṣe fún ìyẹn. Ìgbà tí ìtànṣán bá ṣèèṣì yà ni wọ́n ṣe é fún. “Ààbò-ojú” ni mo fara mọ́.

Láti Kétu

Ẹ̀gbọ́n wa Àjàṣẹ́, ẹ kú làálàá. Mo gbà pẹ̀lú yín lórí “wọ̀n”, àmọ́ mo ní nǹkan méjì láti sọ.

Àkọ́kọ́, ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà rìn lórí pọ́tábù (fóònù). Àwọn ọ̀dọ́ wa kì í fi àmì sí i. “Wọ̀n ọ́n, má wò ó” yóò di “won on, ma wo o”, ẹni tó kà á yóò máa wá ìyàtọ̀ láàárín wò, wọ̀ àti wọ̀n. Nínú álífábẹ́ẹ̀tì tiwa ní Bẹ̀nẹ̀, tí ɔ ti jẹ́ lẹ́tà fúnra rẹ̀ tí kì í ṣe o tí wọ́n kan àmì sí nísàlẹ̀, ó ṣòroó sọnù, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn kọ́ ló ń lò ó. Ẹ jẹ́ ká máa kọ “fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n” nígbà gbogbo. Ẹ̀rọ yẹn ni yóò gbà wá bí àmì bá já bọ́.

Èkejì, “ààbò-ojú” fẹ̀ jù. Ẹ dé ìsọ̀ ní ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́ kí ẹ béèrè ààbò-ojú, bóyá ìbòjú àwọn tó ń jó irin pọ̀ ni wọn yóò nà sí yín, tàbí ike tí wọ́n fi ń dènà eruku. Kò sí nọ́ńbà ìgbì kankan lára èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ohun tí a ń wá ní nọ́ńbà lára, nọ́ńbà náà ló sì nílò orúkọ. Mo dábàá “ìdènà” fún un. Ẹni tó bá mọ Àkàbà Ìdènà, ẹnu ibodè odi ìlú wa, kò nílò àlàyé púpọ̀. Ìdènà 1 ń jẹ́ kí 1 kọjá nínú 10, ìdènà 3, 1 nínú 1,000, ìdènà 4, 1 nínú 10,000: iye òdo ni ẹ ó kà. Bí lasẹ́ẹ̀ bá jẹ́ wáàtì 1, ìdènà 3 sọ ọ́ di mílíwáàtì 1, etí bèbè gan-an nìyẹn. Kí wọ́n ra 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. “Awò ìdènà” ni kó máa jẹ́. Mo gbà pé wò wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdènà ti dì í mú.

Kí ìwé náà sọ ọ́ gbangba pé ìdènà kò dá dúró láìsí gígùn ìgbì. Awò ìdènà fún 450, àwọ̀ búlúù, kò wúlò rárá fún 650, àwọ̀ pupa. Nọ́ńbà méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lára lẹ́ńsì tàbí férémù, bíi “450 nm OD 4+” (nm ni nánómítà, OD ni ìdènà). Àwọn tó bá òfin EN 207 ti Yúróòpù mu ní LB àti nọ́ńbà kan, ìyẹn àmì ìpele ààbò wọn. Àwọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Lóòótọ́, awò tó ń dá búlúù dúró sábà máa ń ní àwọ̀ ọsàn, ṣùgbọ́n ike olówó pọ́ọ́kú náà lè ní àwọ̀ ọsàn. Kí wọ́n gbé e sójú fèrèsé kí wọ́n wá ìfàya, ibi tó ṣí tàbí ibi tí àwọ̀ ti ṣá, kí wọ́n sì wò ó bóyá ó fi àlàfo sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú àti ẹ̀bátí. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n, orí tábìlì ni kí awò wà, kó má ṣe wà lójú ẹnikẹ́ni. Awò mìíràn tó ní nọ́ńbà tó yẹ ni kó wà lójú. Kí wọ́n mú lasẹ́ẹ̀ mílíwáàtì 100, kí wọ́n wọ̀n ọ́n láìsí awò, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n gba inú awò. Ìdènà 4 yóò sọ ọ́ di mílíwáàtì 0.01, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kò lè ka iye kékeré bẹ́ẹ̀, òdo ni yóò kọ. Òdo yẹn kò fi hàn pé ó dé 4. Ohun tó fi hàn ni pé kì í ṣe ike lásán.

Láti Ṣábẹ

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì, mo gba “fi ẹ̀rọ wọ̀n” àti “awò ìdènà”. Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn: kí ni a ó pe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá ti ṣèèṣì? Ìwé náà kọ ọ́ pé “bí ojú bá ń ro ọ́, lọ sọ́dọ̀ dókítà”. Ẹ ti sọ ọ́ pé kì í ro. “Ojú ń ṣe bàìbàì” náà kò tó, nítorí bàìbàì a máa bo gbogbo ojú, bí ẹni pé kùrukùru wà níbẹ̀. Èyí tí lasẹ́ẹ̀ ń ṣe sábà máa ń wà níbì kan ṣoṣo: àbàwọ́n dúdú tàbí aláwọ̀ eérú ní àárín gan-an, tó ń tẹ̀ lé ojú lọ sí ibi yòówù tó bá yí sí. Ẹ̀gbẹ́ mọ́ kedere, àárín ló sọnù. Ojú kejì lè máa bo àṣírí rẹ̀, ẹni náà kò ní mọ̀. Nítorí náà kí ìwé náà ní kó fi ọwọ́ bo ojú kan, kó fi èkejì wo àmì tí wọ́n fi sí àárín bébà onílà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ṣe ìṣirò, kó wá fi ojú kejì náà ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ìlà bá wọ́, tàbí tí apá kan bá pòórá, kó lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú lọ́jọ́ náà gan-an. Kó má kán ohunkóhun sójú. Kó mú àkọsílẹ̀ agbára, gígùn ìgbì àti bó ṣe jìnnà tó lọ́wọ́ lọ, nítorí ohun tí dókítà yóò béèrè nìyẹn.

Mo dábàá “ojú àárín ń sọnù” fún un. Bí ẹ bá ní èyí tó kúrú ju ìyẹn lọ, mo ń fetí sílẹ̀, kó ṣáà má jẹ́ ọ̀rọ̀ tó ní ìrora nínú.