Nígbà tí sókàwéè bá ń bá kànga sọ̀rọ̀: ẹ sọ ohun tí ojú yín rí lọ́wọ́ onílé

Ayálégbé kan, Mushin:

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi. Ẹni tí tiẹ̀ bá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó bọ́ síta.

Ilé oníyàrá méjìlá ni, mẹ́fà lọ́tùn-ún, mẹ́fà lósì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo láàárín. Ilé ìgbẹ́ méjì, balùwẹ̀ méjì, kànga kan. Ọ̀kan nínú ilé ìgbẹ́ yẹn ti kún kí n tó débẹ̀, wọ́n fi páànù dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ejẹ́ńtì tó mú mi lọ wo ilé dúró síwájú páànù yẹn ní gbogbo ìgbà tó fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Èmi náà ń wo ẹnu rẹ̀, mi ò wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Òjò dé, sókàwéè, kòtò tí omi ilé ìgbẹ́ ń ṣàn sí, kún dé ẹnu. Tí ẹnì kan bá ti da omi sílé ìgbẹ́, omi dúdú á yọ lábẹ́ ìdérí kọnkéré, á ṣàn gba ẹ̀yìn balùwẹ̀, á forí lé kànga. Mo fi ẹsẹ̀ wọn ibẹ̀: ìṣísẹ̀ mọ́kànlá. Àwọn onímọ̀ ìlera ní ó yẹ kí kànga jìnnà sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tó mítà 30. Ìṣísẹ̀ mọ́kànlá tèmi ò tó mítà mẹ́wàá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo fa omi, mo rí ọ̀rá tó ta lójú rẹ̀ bí ọbẹ̀ àná. Mo gbé korobá sún mọ́ imú. Mo rọra dà á nù, mo lọ ra omi lọ́wọ́ mẹ́rúwà.

Bàbá onílé ò gbé Èkó, Ìjẹ̀bú ló wà. Ọmọ rẹ̀ ló ń gbowó ilé. Mo pè é, ó ní, “Ẹ má dààmú, ẹ̀gbọ́n, màá rí sí i lópin ọ̀sẹ̀.” Mo pè é títí ọ̀sẹ̀ fi di oṣù. Nígbà tó yá, ẹnu rẹ̀ yí padà: “Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ̀ ń ṣu ni? Àbí bàbá mi ló ń wọkọ̀ láti Ìjẹ̀bú wá ṣu síbẹ̀?” Inú bí mi, àmọ́ kí n má purọ́, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Mo ní ká ṣèpàdé. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé onílé nìkan kọ́ ni ìṣòro wa. Ìyá kan ní yàrá kẹta, tó ti lo ogún ọdún ó lé níbẹ̀, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: “Ọmọ mi, má lé wa síta o. Ọjọ́ tó bá tún ibí yìí ṣe, ọjọ́ yẹn ló máa fowó lé owó ilé.” Ẹ má bú u. Gàrí ló ń tà. Gbogbo wa la mọ̀ pé ìdọ̀tí yẹn gan-an ló jẹ́ kí owó ilé náà ṣe é san. Ìpàdé tú ká láìsí ohun tá a fẹnu kò lé lórí.

Oṣù kẹfà ọdún 2024 ni onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ l’Ékòó. Ọmọ kan ní yàrá keje bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ lóru. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, onígbáméjì kọ́, ara rẹ̀ sì yá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, ìyá yàrá kẹta fúnra rẹ̀ ló wá kan ilẹ̀kùn mi, ó ní kí n mú ìwé wá. Yàrá mọ́kànlá fọwọ́ sí i. Ẹnì kejìlá, ẹbí onílé ni. A ya fọ́tò, a fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí Ìjẹ̀bú, a mú ẹ̀dà kan lọ sí káńsù, lẹ́ka ìlera àyíká.

Àwọn àgbà inú wa á rántí wọlé-wọlé, àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó, tí wọ́n máa ń yọjú sínú àmù nílé àwọn ìyá wa bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Èmi rò pé wọ́n ti lọ bí ilé ìgbẹ́ onípákó ti lọ. Wọ́n wà o. Obìnrin ni wọ́n rán sí wa. Kò kọ́kọ́ dé ìdí sókàwéè rárá. Dúrọ́ọ̀mù tèmi tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ló ṣí. Ó fi tọ́ọ̀ṣì tàn án. Tanwíjí ń jó nínú rẹ̀. Ó wò mí lókè-nísàlẹ̀: “Bọ̀dá, ẹ̀yin náà lẹ kọ lẹ́tà?” Ojú tì mí dé ẹsẹ̀. Lẹ́yìn tó bá gbogbo wa wí tán ló tó lọ wo kànga, tó sì kọ ìwé ìkìlọ̀ fún onílé: kó tún un ṣe láàárín ọjọ́ tí wọ́n dá fún un, tàbí kó wá sọ tẹnu rẹ̀ ní kóòtù.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni bàbá wá fúnra rẹ̀. Arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga pẹ́, ó ní omi yẹn lòun fi po sìmẹ́ǹtì tóun fi kọ́lé, pé àwọn bíríkìlà ń mu ún. Ọmọ rẹ̀ ò sọ fún un rí pé nǹkan ti bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ọkọ̀ táńkà ti wá fa sókàwéè, wọ́n sì ti gbẹ́ òmíràn síwájú ilé.

Ṣé ẹ rò pé ó parí? Oṣù tó tẹ̀ lé e, ìwé “kó jáde” dé, èmi nìkan ni wọ́n kọ ọ́ sí, oṣù kan péré. Ọdọọdún sì ni mo ń sanwó. Òfin ilé gbígbé tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 ní oṣù mẹ́fà ni ìkìlọ̀ irú wa, àfi tí ẹ bá ti jọ kọ nǹkan mìíràn sínú àdéhùn. Òun náà ló sọ pé ìta ilé àtàwọn ibi tí gbogbo wa jọ ń lò, onílé ló ni àtúnṣe rẹ̀. (Òfin náà ò dé Ìkòyí, Victoria Island, Apápá àti GRA Ìkẹjà. Ta ló ń gbé ibẹ̀ nínú wa?) Mo mú ìwé yẹn lọ sí Citizens’ Mediation Centre ti ìjọba ìpínlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń parí ìjà láìdé kóòtù. Wọn ò gba kọ́bọ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pe ọmọ onílé, a jókòó, ó mú ìwé rẹ̀ padà.

Ayálégbé kan, Agége:

Ẹ kú orí ire. Èmi bọ̀wọ̀ fún àgbà jù ni. Òrùlé balùwẹ̀ wa já, Màmá onílé ní, “Ṣe é ná, ọmọ mi, a ó yọ ọ́ nínú owó ilé.” Mo ṣe é, mo ra páànù, mo san owó kápẹ́ńtà. Ọdún yí po, Màmá ní òun ò rántí. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni agbẹjọ́rò kan ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé òfin 2011 yẹn náà gbà kí ayálégbé béèrè owó àtúnṣe tó bá ń kó jáde, ṣùgbọ́n onílé gbọ́dọ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú pé òun fọwọ́ sí i. Ẹnu lásán ni Màmá fi fún mi.

Ayálégbé kan, Peckham, London:

Ẹ má rò pé òyìnbó yàtọ̀. Ògiri yàrá àwọn ọmọ mi bu dúdú láti òkè délẹ̀. Àwọn tó ni ilé, ilé ìjọba ni o, ní ọbẹ̀ tí mò ń sè ló ń fa ọ̀rinrin, kí n máa ṣí fèrèsé. Nínú òtútù oṣù kìíní! Ohun kan náà ni wọ́n ṣe fún òbí Awaab Ishak ní Rochdale, ní England níbí: láti 2017 ni bàbá ọmọ náà ti ń ké, wọ́n ní kó kun ún lọ́dà. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tó kú ní oṣù kejìlá 2020. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá 2025: tó bá jẹ́ ewu pàjáwìrì, kí wọ́n dé láàárín wákàtí 24; tí ọ̀rinrin àti ògiri bíbu bá lè ṣèpalára, kí wọ́n wá wò ó láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá. Ilé ìjọba àti ti àwọn ẹgbẹ́ tó ń pèsè ilé fún aráàlú (housing association) ló kàn ná. Àbúrò mi tó ń gbé ilé aládàáni ṣì ń fi kànìnkànìn nu tiẹ̀ pẹ̀lú bílíìṣì.

Ayálégbé Mushin:

Ẹni tó bi mí bóyá mo ṣì wà níbẹ̀: mo wà. Wọ́n fowó lé owó ilé, bí ìyá yàrá kẹta ṣe sọ. Ó ń wò mí bí ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè, ṣùgbọ́n ó ń kí mi. A ò mu omi kànga mọ́, a fi ń fọṣọ ni. Páànù ẹnu ilé ìgbẹ́ yẹn ti kúrò níbẹ̀. Òun ni ọmọ onílé fi bo kànga.